Orí Keje: Kọntirólà Tó Jóná Lára Báísíkù Oníbátìrì

Kọntirólà kì í ṣàdédé jóná. Ohun kan ló máa ń jó o. Ẹni tó bá gbóòórùn ike tó ń jó lábẹ́ ìjókòó báísíkù rẹ̀ ní Boundary, Ajégúnlẹ̀, tó gba ọjà Alábà lọ lójú ẹsẹ̀ láti ra òmíràn, tó sì so tuntun mọ́ ibi tí ògbólógbòó kú sí, kò ní pẹ́ padà sí Alábà. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà lára báísíkù yẹn, ó ń dúró de èkejì. Ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ díẹ̀ lórí wíwá ohun tó jó kọntirólà kí a tó dé orí pípààrọ̀ rẹ̀. Pípààrọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò le tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́ kí owó iṣẹ́ lè lé sí i.

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ibi tó rọ̀ fún kọntirólà. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ wá láti òkun àti ọ̀sà, ó ń jẹ ẹnu wáyà títí á fi dípẹtà. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀. Bí òjò oṣù Kẹfà àti Keje bá dé, omi á bo ojú ọ̀nà, báísíkù á sì máa la omi tó dé họ́ọ̀bù kọjá. Kòtò tí tírélà gbẹ́ sójú títì ń gbọn gbogbo ìdè jìgìjìgì. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà àti Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá, wọ́n sì tún fún òfin ti ọ̀kadà lókun ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ẹni tó bá wá rí báísíkù oníbátìrì rà, iṣẹ́ ọ̀kadà ló ń fẹ́ gbé lé e lórí: páálí ọjà lẹ́yìn, èèyàn kan lórí páálí. Kọntirólà tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ kan ní Ṣáínà tó ń gba ojú títì tó tẹ́jú lọ síbi iṣẹ́ kò mọ̀ pé òun máa gun afárá Ìjọra pẹ̀lú àpò ìrẹsì.

Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun alùpùpù oníbátìrì Spiro ní ibùdó tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì tó tán sí èyí tó kún, ilé-iṣẹ́ ló sì ń bójú tó bátìrì náà. Tiwa níbí, ọ̀pọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, tàbí èyí tí a fi ẹ̀rọ họ́ọ̀bù àti kọntirólà inú páálí kan tò mọ́ báísíkù lásán. Ẹni tó ni ín ni mẹkáníìkì rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kọntirólà ń ṣe

Iná bátìrì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ inú họ́ọ̀bù kò lè lo irú iná bẹ́ẹ̀. Ó ní wáyà nínípọn mẹ́ta, yẹ́lò, gíríìnì àti búlúù, ó sì fẹ́ kí iná máa dé orí wọn ní ìtòtẹ̀léra. Kọntirólà ló ń pín iná náà. Nínú àpótí rẹ̀ ni àwọn swíìṣì kékeré tí wọ́n ń pè ní MOSFET wà, mẹ́fà ó kéré tán, méjì fún wáyà nínípọn kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń so wáyà náà mọ́ pọ́sítíìfù, èkejì ń so ó mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí méjì tó wà fún wáyà kan bá ṣí pọ̀, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ti pàdé nìyẹn, wọ́n á jó kí o tó ṣẹ́jú. Kọntirólà mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí èyí tó yẹ nítorí pé sẹ́ńsọ̀ hall mẹ́ta wà nínú họ́ọ̀bù tó ń sọ fún un ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì wà. Wáyà tín-ín-rín márùn-ún ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wá: pupa tó ń gbé fóòtì 5 lọ, dúdú, àti àwọ̀ mẹ́ta kan náà bíi ti àwọn wáyà nínípọn.

MOSFET tó bá kú, ó sábà máa ń kú ní dídì, ìyẹn ni pé kò lè tì mọ́. Àmì tó tètè hàn ni pé táyà á le. Ìwọ yóò yọ bátìrì, síbẹ̀ tí o bá ti báísíkù, á máa fà ọ́ sẹ́yìn ní kíkọ̀-kíkọ̀. Yọ wáyà nínípọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára kọntirólà kí o tún yí táyà náà. Bó bá wá yí fàlàlà, kọntirólà ló kú. Bó bá ṣì le, inú họ́ọ̀bù ni ìjà náà wà, o ò sì gbọdọ̀ ra kọntirólà kankan lónìí.

Má dá kọntirólà lẹ́jọ́ kó o tó yẹ bíréèkì wò, o. Ọwọ́ bíréèkì báísíkù oníbátìrì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń sọ fún kọntirólà pé kó dáwọ́ dúró. Bí iyọ̀ bá ti jẹ swíìṣì inú rẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ra, kọntirólà á rò pé o ṣì di bíréèkì mú títí ayé. Tú sọ́kẹ́ẹ̀tì bíréèkì méjèèjì kí o tún dán an wò. Kọntirólà tó yè kooro ti bọ́ sínú ààtàn nítorí swíìṣì tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Fífi mítà wádìí

Yọ bátìrì kúrò pátápátá. Pípa kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó. Bọ́ òrùka ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Kàpásítọ̀ ńlá inú kọntirólà ṣì lè mú iná dání lẹ́yìn tí bátìrì ti lọ, nítorí náà fi gílóòbù pupa àtijọ́, èyí tó ní okùn irin nínú, kan wáyà pupa àti dúdú ńlá kọntirólà fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí iná náà tán. Tọ́jú gílóòbù yẹn, a ó tún padà wá lò ó.

Gbé mítà sí ibi àmì dáyóòdù. Fi ẹnu pupa mítà sórí wáyà yẹ́lò kọntirólà, ẹnu dúdú sórí wáyà pupa ńlá tó ń lọ síbi bátìrì. Mítà yẹ kó kọ nǹkan bíi 0.4 sí 0.6. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíríìnì àti búlúù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọra. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu pupa mítà sórí wáyà dúdú ńlá, kí ẹnu dúdú máa kan àwọn wáyà mẹ́ta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló yẹ kó o rí. Ibi tí mítà bá ti kọ 0.00 tàbí tó ti dún píípíí, MOSFET ibẹ̀ ti kú. Kọ àwọ̀ wáyà náà sílẹ̀. Ó wúlò, nítorí wáyà tí MOSFET rẹ̀ kú ni o gbọ́dọ̀ tọ̀ dé inú họ́ọ̀bù kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ní ti họ́ọ̀bù, gbé mítà sí óòmù. Láàárín wáyà nínípọn méjì sí ara wọn, óòmù á kéré gan-an, kò ní tó 1, ìyẹn kò burú rárá. Ohun tí à ń wá ni èyí: fi ẹnu mítà kan sórí wáyà nínípọn, èkejì sórí ọ̀pá irin họ́ọ̀bù níbi tí o ti ha àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Mítà ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan. Bó bá kọ, wáyà náà ti bó, ó ń kan irin. Lẹ́yìn náà fi wáyà nínípọn méjì kan ara wọn, yí táyà. Á le, á máa fò tìkì-tìkì. Pààrọ̀ wọn, yẹ́lò àti gíríìnì, gíríìnì àti búlúù, búlúù àti yẹ́lò. Líle wọn gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tó bá yàtọ̀ ń sọ pé wáyà inú rẹ̀ ti jó tàbí ti já.

Ibi tí wáyà ti sábà máa ń bó ni ẹnu ọ̀pá họ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo okùn náà ti gba inú ihò tóóró jáde. Nígbà tí o bá gbéra pẹ̀lú ẹrù, agbára ẹ̀rọ náà ń fẹ́ yí ọ̀pá yẹn sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì méjì àti wọ́ṣà tó ní ìkọ́ ló ń dá a dúró. Bí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀ (kòtò ojú ọ̀nà Àpápá kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó dẹ̀), ọ̀pá á yí lẹ́ẹ̀kan, á lọ́ okùn náà mọ́ra, á bó gbogbo wáyà rẹ̀. Wáyà nínípọn méjì fẹnu kanra, kọntirólà kú. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ń pa kọntirólà ládùúgbò wa tó nọ́ọ̀tì dídẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn kì í yẹ̀ wò, nítorí pé kọntirólà ni wọ́n rí tó ń rú èéfín. Tú táyà náà, wo okùn náà dáadáa lójú ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti bó, gé e, tún un so, fi ike ìsúnkì bo wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí o tó bo gbogbo rẹ̀. Wá irin pẹlẹbẹ tó ń di ọ̀pá mú mọ́ férémù kó má yí. Wẹ́dà èyíkéyìí lè gé e fún ọ láti ara irin tó ki.

Bí o kò bá rí nǹkan kan lára họ́ọ̀bù, ṣí kọntirólà tó jóná náà. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, wàá rí ìpẹtà lórí bọ́ọ̀dù àti ìlà ibi tí omi gba. Bí kò bá sí omi, tí MOSFET kan ṣoṣo bẹ́, tí gbogbo rẹ̀ sì ti dúdú, ẹrù ló pa á: ooru àti áńpù tó pọ̀ jù. Bí kàpásítọ̀ ló wú tí orí rẹ̀ bẹ́, wo bátìrì rẹ kí o bi ara rẹ bóyá ẹnì kan ti fi bátìrì fóòtì 60 sí ara kọntirólà fóòtì 48 kó lè máa sáré.

Rírà

Mú ògbólógbòó dání lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni kí o kà fún ọlọ́jà, má kàn sọ pé kọntirólà báísíkù lo fẹ́. Fóòtì ni àkọ́kọ́. Bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní fóòtì 36 máa ń jẹ́ 42 nígbà tó bá kún, ti 48 sì máa ń dé 54.6. Kọntirólà ní ìsàlẹ̀ fóòtì tó ti máa ń pa ara rẹ̀ kí bátìrì má baà bàjẹ́, nǹkan bíi 40 sí 42 fún ti 48. Bí o bá fi kọntirólà 48 sí bátìrì 36, ó lè má tilẹ̀ jí, bó bá sì jí, kò ní pẹ́ tó fi máa pa ara rẹ̀.

Áńpù ni èkejì, ibẹ̀ sì ni ọlọ́jà ti ń tan èèyàn jẹ. Á ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ti wáàtì 1000 yìí, ó lágbára jù." Bátìrì rẹ ní bọ́ọ̀dù ààbò nínú tó mọ áńpù tí òun lè gbà. Bí bọ́ọ̀dù bátìrì bá jẹ́ áńpù 20, tí kọntirólà tuntun ń fa 30, bátìrì á máa pa ara rẹ̀ nígbà gbogbo tí o bá fẹ́ gun afárá. Wáyà họ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe fún wáàtì 350 pẹ̀lú á máa gbóná. Ra áńpù kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹrù ló pa ti àkọ́kọ́, ohun tó yẹ kó o wá ni èyí tí áńpù rẹ̀ jẹ́ bákan náà ṣùgbọ́n tí MOSFET rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí méjìlá dípò mẹ́fà, kí iṣẹ́ náà lè pín sórí púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo àmì 120° tàbí 60° fún sẹ́ńsọ̀ hall. Èyí tó pọ̀ jù níta jẹ́ 120°. Bí báísíkù rẹ bá ní ojú ìwòran, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti kọntirólà mu, nítorí ojú ìwòran ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè kọntirólà ilé-iṣẹ́ mìíràn kódà bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wọ ara wọn. Bí o bá rí èyí tí wọ́n ta òun àti ojú ìwòran rẹ̀ pọ̀, rà á bẹ́ẹ̀. Sì béèrè bóyá ó ní wáyà ìkọ́ra-ẹni, wáyà funfun méjì tí wọ́n ń so pọ̀ kí kọntirólà fúnra rẹ̀ lè mọ ètò họ́ọ̀bù. Òun ló máa yọ ọ́ nínú wàhálà tó ń bọ̀ níwájú.

Síso tuntun

Ya fọ́tò gbogbo ìsopọ̀ kí o tó tú ọ̀kan nínú wọn, kí o sì fi téèpù bébà kọ orúkọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pàápàá fún ọwọ́ tírótù.

Kọ́kọ́ so àwọn wáyà tín-ín-rín, kí àwọn nínípọn mẹ́ta ti họ́ọ̀bù ṣì wà ní títú. Wáyà tí àwọn èèyàn ń gbàgbé jù ni pupa tín-ín-rín kan tó dá wà, ti kọ́kọ́rọ́. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ dé orí rẹ̀ nípasẹ̀ kọ́kọ́rọ́ tàbí ojú ìwòran, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọntirólà kò ní jí láéláé, wàá sì padà lọ bá ọlọ́jà jà láìnídìí.

Ó yá, mú gílóòbù pupa àtijọ́ náà wá, ti wáàtì 60 tàbí 100. So ó sáàárín pọ́sítíìfù bátìrì àti wáyà pupa ńlá kọntirólà, kí iná gba inú gílóòbù kọjá. Nẹ́gẹ́tíìfù ni kí o kọ́kọ́ so, pọ́sítíìfù kẹ́yìn. Bí gílóòbù bá tàn fìrì tó sì kú, kàpásítọ̀ ló kún, kò séwu. Bó bá tàn tí kò kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lásán, wáyà kan ti kanra níbì kan. Tú u kí o wá ibẹ̀. Láìsí gílóòbù, ìmọ̀ yẹn á ná ọ ní kọntirólà kejì. Yọ gílóòbù kúrò lẹ́yìn èyí, kí o sì so bátìrì ní tààrà pẹ̀lú fíúsì láàárín.

Tan kọ́kọ́rọ́. Fi ẹnu dúdú mítà sórí wáyà dúdú sọ́kẹ́ẹ̀tì hall, ẹnu pupa sórí pupa: fóòtì bíi 5 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Gbé ẹnu pupa sórí yẹ́lò, kí o máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Mítà á máa fò láti òdo sí nǹkan bíi 5, á tún padà. Ṣe gíríìnì àti búlúù bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dúró sójú kan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú tàbí wáyà rẹ̀ ti já. Wo tírótù náà: wáyà ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi fóòtì 0.8 sí 1 nígbà tí o kò bá yí i, kó sì gòkè dé 3.6 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ bí o bá yí i tán. Tírótù tó ti ga kó o tó fọwọ́ kàn án ni èyí tó ń mú kí báísíkù fò lọ fúnra rẹ̀, ojú ọ̀nà tírélà kì í sì í ṣe ibi téèyàn ti ń fẹ́ rí irú rẹ̀.

Pa kọ́kọ́rọ́, yọ bátìrì, wá so nínípọn mẹ́ta ti họ́ọ̀bù, àwọ̀ sí àwọ̀. Gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Bí wáyà ìkọ́ra-ẹni bá wà, so funfun méjèèjì pọ̀, tan iná. Táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Bó bá ń yí sẹ́yìn, tú funfun náà kí o tún un so, á yí síwájú. Pa iná, tú funfun, fi téèpù bò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí wáyà ìkọ́ra-ẹni kò bá sí, tí àwọ̀ sí àwọ̀ sì ń gbọ̀n tàbí tó ń kérora, fi ètò hall sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o máa pààrọ̀ àwọn nínípọn mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́fà péré ló wà, ọ̀kan nínú wọn ló tọ̀nà. Tírótù díẹ̀ báyìí ni kí o máa fún un, kì í ṣe títẹ̀ pátá. Kíyè sára: ọ̀nà kan lè yí táyà ṣùgbọ́n kó máa hó, kó sì máa jẹ iná púpọ̀. Bí táyà bá wà lókè láìsí ẹrù, kò yẹ kó fà ju áńpù 2 tàbí 3 lọ. Èyí tó bá fà jù bẹ́ẹ̀ á jó kọntirólà kó o tó dé Olódì Àpápá. Bí èyí tó tọ̀nà bá ń yí sẹ́yìn, pààrọ̀ méjì nínú wáyà hall sí ara wọn, kí o sì tún wá ọ̀kan tó tọ̀nà nínú àwọn mẹ́fà náà.

Ibi tí yóò máa gbé

Má fi ọ̀rá we kọntirólà. Ọ̀rá ń pa ooru mọ́ inú, omi tó bá sì ti wọlé kò ní jáde mọ́. Dè é mọ́ férémù, kí ara irin rẹ̀ kan irin, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kó sì ga ju ibi tí omi Ajégúnlẹ̀ máa ń dé lọ. Kí ẹnu tí wáyà ti ń jáde kọjú sílẹ̀. Jẹ́ kí okùn náà tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú kọntirólà, kí omi tó bá ń tọ okùn bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀. Fi spíríìtì fọ gbogbo ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà, jẹ́ kó gbẹ, kí o fi gíríìsì díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ nítorí iyọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà nínípọn tó bá ti yọ́ díẹ̀, gé e sọnù. Ibi tí ìsopọ̀ bá ti dẹ̀ ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́, má gbé ẹrù. Lọ títí dé ibì kan tí kò jìnnà, dúró, fi ọwọ́ kan kọntirólà, họ́ọ̀bù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà nínípọn. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tí ọwọ́ kò lè dúró lé lórí ni kí o padà tú wò. Lẹ́yìn náà fún nọ́ọ̀tì ọ̀pá họ́ọ̀bù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìrìn àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń jókòó. Máa fi sípánà kàn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò.

Ògbólógbòó náà ńkọ́? Oníṣẹ́ rédíò tó mọ bó ṣe ń jó léèdì lè pààrọ̀ MOSFET inú rẹ̀, bí ọ̀kan tàbí méjì ló kú tí bọ́ọ̀dù kò sì dúdú. IRFB4110 tó ń gba fóòtì 100 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ti 48, àmọ́ ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, kí ó sì pààrọ̀ méjèèjì tó wà lórí wáyà kan náà, kì í ṣe èyí tó bẹ́ nìkan. Bí bọ́ọ̀dù bá ti jó di èédú, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Gé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò pẹ̀lú wáyà tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, kó wọn sínú agolo: bí o bá tún ra kọntirólà tí ẹnu rẹ̀ kò bá ti báísíkù rẹ mu, àwọn ni wàá jó mọ́ ọn.